Eyín Bàbá àti Díráìfù Tí Kì Í Gbé Nǹkan Mì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Iṣẹ́ ti dànù. Gbogbo eyín òkè Bàbá, tí mo fi odidi ọjọ́ Ẹtì yà sórí kọ̀ǹpútà — kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo wá a níbi tí mo fi í sí, mo wá a níbi tí mi ò fi í sí. Òfo.

Mo mọ̀ pé mo tọ́jú rẹ̀. Àbí mi ò tọ́jú rẹ̀? Mò ń kánjú lọ́jọ́ Ẹtì. Ìmọ̀ràn ti ń pè mí lórí fóònù pé kí n má gbàgbé búrẹ́dì. (Ìmọ̀ràn ni ọkọ mi. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn. Kò sí ìṣòro tí kò ní ìmọ̀ràn fún, pàápàá èyí tí kò yé e.) Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé lóòótọ́. Mo bú ara mi, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ eyín kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín ni mo wà, èmi nìkan, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ agbẹ́yín tó ń han bí ìgbà tí wọ́n ń lọ irin. Ọ̀gá, ìyẹn dókítà, á ya àwòrán ẹnu aláìsàn. Àwòrán á wọlé sínú kọ̀ǹpútà mi. Èmi á ya eyín tó bá ẹnu náà mu. Ẹ̀rọ á gbẹ́ ẹ. Èmi á dán an. Kò tíì sí ẹni tó dá eyín padà fún mi rí.

Ti Bàbá wá yàtọ̀. Bàbá ọkọ mi ni, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Adájọ́ á sọ̀rọ̀, wọn á túmọ̀. Ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀, wọn á túmọ̀. Ẹnu wọn ni iṣẹ́ wọn. Láti oṣù karùn-ún tí Ọ̀gá ti yọ èyí tó kù nínú eyín òkè wọn, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu àwọn kó tó parí. Ìwé pélébé ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé báyìí. "Omi." "Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n." "Rárá."

Mo parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo tọ́jú rẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí i pé ó wọlé. Mo gbé e fún ẹ̀rọ agbẹ́yín kí n tó pa kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Èyí tí mo yà lánàá — kò sí. Ó tún lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbẹ́ eyín náà tán, ó wà nínú àwo rẹ̀, ó ń wò mí. Mi ò bínú. Mo dán an títí ó fi ń kọ mànà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ojú tì mí lónìí.

Mo gbé eyín fún Bàbá, èmi àti Ìmọ̀ràn dúró bí àwọn tó ń retí èsì ìdánwò. Wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀, eyín já bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi í padà, ó tún já bọ́. Nígbà tó yá wọ́n fi àtàǹpàkò dì í mú lókè, wọ́n ń wò mí báyìí, bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n nù ún. Wọ́n fa ìwé pélébé yọ: "Ti ta ni?"

Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sé ilẹ̀kùn.

Ìmọ̀ràn ní bóyá kí n wá nǹkan fi lẹ̀ ẹ́. Mo gbé eyín náà padà sínú báàgì mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo ti rí ìdí rẹ̀. Ó sàn kí n má rí i.

Mo ṣí àwòrán ẹnu Bàbá, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ihò ni mo rí. Ihò eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Àwòrán oṣù karùn-ún nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, ìdí eyín wọn ti jinná, ó sì ti súnkì. Torí ẹ̀ náà la ṣe ya òmíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Èmi ni mo di orí wọn mú fún Ọ̀gá. Èmi ni mo fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Báwo wá ni ti àtijọ́ ṣe padà wá?

Nítorí náà, eyín mi kò burú. Ó bá ẹnu kan mu. Ẹnu tí Bàbá ní nígbà náà.

Mo dán kọ̀ǹpútà wò. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: WÀHÁLÀ. Mo tọ́jú rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Kò sí wàhálà mọ́. Ì bá dára ká ní òótọ́ ni.

Mo mú fáìlì kan tí mi ò nílò, mo pa á rẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Ó ti padà, ó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí àlejò tí kò gbọ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ohun gbogbo tó wọlé lẹ́yìn ìparí oṣù keje — kò sí. Ohun gbogbo tí mo pa rẹ́ — ó wà. Lójú kọ̀ǹpútà yìí, a ò tíì kúrò nínú oṣù keje. Mo ké sí Onítọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Onítọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó máa ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí bí awakùsà, kódà nínú oòrùn. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fọn eruku, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan hàn mí, tó tó páálí ìṣáná ńlá. Díráìfù nìyẹn. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí. Ó ní kì í ṣe irú ti àtijọ́ tí àwo ń yí nínú rẹ̀. SSD ni, kò sóhun tó ń yí níbẹ̀, kì í pariwo.

Ohun tó wá ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ó ń pariwo ni, ǹ bá mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

Ó pààrọ̀ wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Rárá. Ó yọ ọ́ kúrò lójú ihò kan, ó kì í bọ òmíràn. Rárá. Ó ní kòkòrò ló wọ kọ̀ǹpútà. Ó wá kòkòrò títí di ọ̀sán, kò rí ọ̀kan. Ó ní bátìrì aago inú rẹ̀ ló kú, ìyẹn ni kò ṣe mọ ọjọ́. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó wá gbé ètò kan jáde tó máa ń yẹ ara díráìfù wò. Ètò náà mú àmì aláwọ̀ ewé wá: ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, nǹkan kan ò ṣe é."

Mo ní, "Ẹ kọ nǹkan sí i, kẹ́ ẹ pa á."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó pa á. Ó tàn án. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí bí ẹni tí wọ́n gbàgbé orúkọ ẹ̀ nílé ìyá ẹ̀. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́rú.

Alágídí ni mo ń pe díráìfù náà láti òní lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Àgbà pè. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, àwọn méjèèjì ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ìlú mìíràn ni wọ́n wà, ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n sì máa ń pè. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí lè gba gbogbo ọ̀sán. Bàbá á máa rìn káàkiri pálọ̀, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Láti oṣù karùn-ún, tí fóònù bá ti dún, Bàbá á nà án sí mi. Ìwé ti wà nílẹ̀: "Mo ń sùn."

Èmi á wá parọ́. Lọ́sẹ̀ kan wọ́n wà ní balùwẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n jáde. Lónìí oorun.

Ìyá Àgbà ní, "Oorun kí ni lọ́sàn-án gangan? Ìyàwó, kí ló ń ṣe àbúrò mi?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, mà. Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ní òun ti gbọ́. Wọ́n ní kí n kí i tó bá jí.

Mo sọ fún Bàbá pé mi ò ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ṣe eyín kó o rí i bóyá mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo ṣàlàyé Alágídí fún Ìmọ̀ràn látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó ní: "Ṣé o ti gbìyànjú kó o pa á, kó o tún un tàn?"

Mo jáde nínú yàrá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti rí ọgbọ́n dá. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí mo bá pa á ló ń gbàgbé, mi ò ní pa á. Ó tán.

Ọ̀gá tún ya àwòrán ẹnu ọkùnrin kan tó nílò eyín ẹyọ kan. Mo ya eyín ọkùnrin náà, ó kù díẹ̀ kó parí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà: Ẹ MÁ PA Á. Mo fi í sílẹ̀ nínú iná, mo lọ sílé. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá pa á.

Ó ní òun kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, òun gbọ́ tí fáànù inú ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ó ní òun rò pé páálí yẹn ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Àbí ìwọ kì í tọ́jú iṣẹ́ rẹ kó o tó lọ sílé ni?"

Mo ní mo tọ́jú rẹ̀, sà. Ó ní tí mo bá tọ́jú rẹ̀, ibo ló wà? Mo ní díráìfù ni, sà. Ó ní ṣebí Onítọ́ọ̀ṣì sọ pé ara díráìfù le. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Tó bá ti ń nu gíláàsì, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò dáa. Ó sọ fún mi pé obìnrin kan ti padà wá nítorí eyín tí mo ṣe fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ga jù, kò lè pa ẹnu dé dáadáa. Ti Bàbá náà, ó ti gbọ́. Ó ní tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá lójú títí ìparí oṣù, òun á máa kó iṣẹ́ eyín lọ fún àwọn tó ń ṣe é níta.

Kò fìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló burú.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn — ìta la ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí díráìfù tí kò ju páálí ìṣáná lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí bí mo bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, á ní mo ń sọ àsọdùn.

Onítọ́ọ̀ṣì dé láàárọ̀. Ó ní òun ti ronú sí i, kí a nu díráìfù náà mọ́ pátápátá, kí a kó ohun gbogbo tuntun sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí òmíràn tó mú dání. Ó wá nu Alágídí. Ó nù ún bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ó kó ètò tuntun sí i, ó gba gbogbo òwúrọ̀. Àwòrán ojú rẹ̀ yí padà, òkè kan tí yìnyín bò, tí n kò rí rí. Kò sí fáìlì mi kankan níbẹ̀, kò sí ètò eyín, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Mo ní, ó tán, a bọ́.

Ó ní kí a pa á lẹ́ẹ̀kan, kí a tún un tàn.

Ó tàn. Òkè yìnyín ò sí. Ohun gbogbo ti padà. Àwòrán àtijọ́, ètò eyín, fáìlì tí mo ti pa rẹ́ ní ọjọ́bọ̀, ìdọ̀tí gbogbo oṣù keje, olúkúlùkù níbi tó wà. Bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀.

Onítọ́ọ̀ṣì pa tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga mi. Ó ní, "Àǹtí, mo tọrọ àforíjì. Nǹkan yìí ti kú. Òkú rẹ̀ ló ń dá wa lóhùn."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ibi tí irú díráìfù yìí ń kọ nǹkan sí máa ń gbó díẹ̀díẹ̀ bí a bá ṣe ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Tó bá gbó dójú ẹ̀, díráìfù náà á ti ara rẹ̀ pa: a lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè fi kún un, a ò lè yọ kúrò níbẹ̀. Mo ní kí ló wá dé tó fi ń sọ fún mi pé òun ti tọ́jú iṣẹ́ mi? Ó ní irọ́ ni. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, kò gbé e mì. Bí iná bá ti lọ, ó tu ú dànù. Àmì aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Ó ní, "Òun náà ló ń sọ nípa ara ẹ̀, mà. Kò sẹ́ni tó jẹ́rìí sí i."

Ó ń jẹ, kì í gbé mì. Nínú gbogbo ènìyàn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe eyín ló yàn láti wá.

Ó bá mi wọlé tọ Ọ̀gá, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, kò fi ẹnu méjì sọ ọ́. Ọ̀gá fi gíláàsì sójú. Ó ní kí a ra tuntun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Gbogbo àwòrán ẹnu tí a yà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ti lọ. A ń pe àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá la ẹnu.

Mo sọ fún Bàbá. "Rárá." Wọ́n fi ìlà sí i nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Díráìfù tuntun dé. Ó rí tínrín, kò tóbi ju ìka mi lọ. Kò sí ibi tí a lè kì í bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa, kọ̀ǹpútà ti dàgbà ju irú rẹ̀ lọ. Onítọ́ọ̀ṣì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé.

Mo ti bínú títí, ó ti tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá Àgbà pè, ara sì tù mí, torí wọ́n ti mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn.

Wọn ò béèrè Bàbá lónìí. Ohùn wọn rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ti dàgbà, ohun tí ojú mi ti rí pọ̀. Má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní oṣù karùn-ún ni, mà. Ẹ má bínú. A ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú ni.

Wọ́n ní, "Oṣù karùn-ún." Wọ́n ní ṣé ó jẹ̀rora? Mo ní rárá, mà, dókítà rọra ṣe é ni, kò pẹ́ rárá tó fi parí. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Fóònù kú.

Mo wọlé sọ fún Bàbá pé Ìyá Àgbà ti mọ̀ nípa eyín wọn, wọn ò sì bínú, kí wọ́n máa gbé fóònù wọn fúnra wọn. Bàbá kọ ìbéèrè méjì léra: "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé eyín tìẹ ni?"

Mo lọ fọ abọ́. Mo fọ èyí tó mọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Níwọ̀n bí Bàbá ti kọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn, mo gbé iṣẹ́ wálé. Mo po ẹ̀tù tí a fi ń mú àpẹẹrẹ ẹnu. Tí a bá fi omi po ó, á dà bí ẹ̀kọ tó le díẹ̀, a ó kó o sínú àwo kékeré, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu títí á fi dì. Ìmọ̀ràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi imú mí, kí wọ́n má fi ẹnu mí, kí wọ́n ronú nípa nǹkan mìíràn. Bàbá bì. Sára mi. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì mo ní kí Ìmọ̀ràn jáde. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú gírí, wọn ò bì. Ó dì dáadáa.

Bí mo ṣe yọ ọ́, wọ́n gbàgbé ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó korò." Ohùn wọn. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Ó ń fẹ́ fìì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó yé mi kedere. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n má baà rántí.

Wọ́n rántí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó wọlé. Díráìfù mìíràn tí Onítọ́ọ̀ṣì mú wá bá kọ̀ǹpútà mu. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Ó wà níbẹ̀. Mo tún pa á, mo tún tàn án. Ó wà níbẹ̀. Onítọ́ọ̀ṣì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, mo ṣì ń pa, mo ṣì ń tàn. Ọ̀gá yọjú, ó ní ṣé ó ti dáa. Mo ní ẹ jẹ́ kí n pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Eyín Bàbá. Ọ̀gá ya àwòrán àpẹẹrẹ ẹnu wọn wọ kọ̀ǹpútà, mo ya eyín náà tán. Ó wọlé. Ẹ̀dà kejì wà lórí díráìfù mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀gá. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán an tán. Mo gbé e lé orí àpẹẹrẹ ẹnu wọn, mo fi ọwọ́ mì í. Kò mira.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mọ́tò kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Awakọ̀ ń sùn nínú rẹ̀. Mo di eyín Bàbá mọ́wọ́ nínú báàgì, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ.

Ìyá Àgbà ló jókòó ní pálọ̀. Aṣọ dúdú látòkè délẹ̀. Ìmọ̀ràn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ó ń sọ pé Bàbá wà láàyè, mà, inú yàrá ni wọ́n wà, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn ni. Ìyá Àgbà ń mi orí. Ojú wọn gbẹ. Wọ́n rí mi, wọ́n sì nawọ́ sí mi.

"Ìyàwó yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Oṣù karùn-ún. Dókítà rọra ṣe é, kò pẹ́. Mi ò bá yín jà. Òkú tí ẹ ń pa mọ́ fún mi ni mo wá wò. Tí ẹ bá ti sin ín, ẹ mú mi dé ibẹ̀."

Mo wá lóye ohun tí mo sọ lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Mo ní, "Eyín ni, mà. Eyín wọn ni mo rò pé ẹ ń béèrè."

"Eyín wo?"

Lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni mo ti ń sọ fún Ìyá Àgbà pé àbúrò wọn ń sùn, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n jáde. Kí ni mo fẹ́ sọ tí wọn á gbàgbọ́?

Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Bàbá jáde. Wọn ò mú ìwé dání, wọn ò fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, ẹ̀wù wọn ò jókòó lára wọn dáadáa, wọ́n ti ṣi bọ́tìnnì rẹ̀ dì. Wọ́n ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kú. Eyín mi ló kú."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ níwájú, itọ́ bá a jáde. Ìyá Àgbà wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n dìde. Wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì fi lu Bàbá léjìká, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá dúró gbà á. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá bá wọn jókòó síbẹ̀. "Nítorí eyín," ni Ìyá Àgbà ń wí ṣáá. "Nítorí eyín ni mo ṣe dá aṣọ òkú rẹ."

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti kọ̀ǹpútà, ti díráìfù, ti oṣù keje tí kò tán. Kò yé wọn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kóòtù. Mo sọ díẹ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Mo tún sọ díẹ̀, wọ́n tún túmọ̀. Wọn ò fò kankan. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bó ṣe ń jáde lẹ́nu tí kò ní eyín, ó sì dáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Ìyá Àgbà ní, "Nǹkan yìí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó ní òun ti gbà á, kò sì tọ́jú rẹ̀?"

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ń fi irọ́ tẹ́ ọ lọ́rùn lójoojúmọ́?"

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dùn ọ́, àbí?" Mo ní ẹ dákun, mà. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí.

Mo wá rántí báàgì. Mo gbé eyín jáde. Bàbá fi sẹ́nu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè, wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n là á. Kò já bọ́. Wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o," ó sì jáde gedegbe, gbogbo ọ̀rọ̀ ní igun tirẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìmọ̀ràn pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà ya orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ohùn ta nìyẹn? Yọ ọ́ ná. Ẹni tó jáde lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Bàbá yọ ọ́. Wọ́n nù ún mọ́ ẹ̀wù. Wọ́n sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀wù náà, láàárín ìwé pélébé àti gègé, wọ́n sì sún mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn.

Mo wọ ilé ìdáná. Eyín tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́. Mò ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń já bọ́, ọ̀rọ̀ ń fẹ́ fìì, wọn ò sì sinmi. Ìmọ̀ràn wá bá mi. Ó ní ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn pé inú omi ló yẹ kí eyín yẹn wà, kì í ṣe inú àpò.

Mo ní kó lọ sọ fún wọn.

Ó yọjú sí pálọ̀, ó dúró díẹ̀. Ó padà wá, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi nu abọ́.